Jákẹ́ẹ̀tì inú fọ́tò yẹn kò bá bàbá lọ sógun

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín. Nígbà kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a máa fi í wé ẹ̀pà àti kúlíkúlí tó bá ń fi ránṣẹ́ sí mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, èmi náà á sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó nà, kí n tó jókòó kà á. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Fọ́tò kan ló mú mi kọ ọ́ lónìí.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ gbé àwòrán ọ̀dọ́kùnrin kan jáde tó wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn ńlá kan, tí irun funfun yọ sí i lọ́rùn àti lọ́rùn ọwọ́. Ó ní bàbá tó bí bàbá òun ló wọ̀ ọ́ nínú bàálù ajùbọ́ǹbù nígbà ogun Hítílà, pé ayìnbọn ni bàbá náà nínú RAF, iléeṣẹ́ ológun òfurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ẹnì kan ti ń ná an, pé owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi tún ibojì bàbá ṣe. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ kà á. Ó ní, "Bàbá Síìpù, ẹ wá wo iṣẹ́ yín nínú ìwé o." Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi awò sójú, mo wò ó, mo tún un wò. Mo ní, "Jákẹ́ẹ̀tì yìí kò lọ sógun kankan."

Mi ò fẹ́ kí ọmọ náà bínú sí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, tí ẹni tó ń ná an bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní ọmọ yẹn fẹ́ lu jìbìtì. Wọn ò ní dúró síbẹ̀. Wọ́n á fi kún un pé bàbá rẹ̀ kò wọ bàálù ogun rí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ló ń dùn mí, torí pé ó ṣeé ṣe kí jákẹ́ẹ̀tì jẹ́ ayédèrú kí bàbá sì jẹ́ ojúlówó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Bàbá Síìpù ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò wa ní Peckham. Iṣẹ́ awọ ni mo kọ́, ní Mushin, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ran báàgì àti bàtà. Mo dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1989, láti ìgbà náà ni mo ti ń tún aṣọ awọ ṣe: síìpù tó já, láínì tó fà ya, abíyá tó là. Àwọn tó ń ta aṣọ àtijọ́ ní Portobello Road lọ́jọ́ Ẹtì ló kọ́kọ́ gbé jákẹ́ẹ̀tì awakọ̀ òfurufú wá fún mi. Èyí tó ti kọjá lórí tábìlì mi báyìí ti lé ní ogójì. Ayédèrú ibẹ̀ pọ̀ ju ojúlówó lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí fọ́tò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ̀, ó sì mọ́ kedere, mo dúpẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì náà ní àpò méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bí òtútù bá mú. Lọ́rùn, ìdè awọ méjì wà níbẹ̀ tó ní irin. Kò sí bẹ́líìtì níbàdí. Eyín síìpù iwájú rẹ̀ tóbi, ó ń dán, ike ni.

Èyí tí RAF ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà ogun, Irvin ni wọ́n ń pè é, kò sì ní àpò kankan níta. Ẹni tí wọ́n fi ìdè párásúùtì dì mọ́ra, tí ìbọn wà níwájú rẹ̀, ibo ló ti fẹ́ ráyè ki ọwọ́ bọ àpò? Kọ́là Irvin fẹ̀, onírun ni, tí ẹ bá nà án sókè á bo etí. Bẹ́líìtì awọ yí i ká níbàdí. Síìpù irin wà níwájú, síìpù irin mìíràn tún wà lápá kọ̀ọ̀kan láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè sí ìgúnpá, kí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ nípọn lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí mo bá rí Irvin tí kò ní síìpù lápá, n kì í béèrè ìbéèrè mìíràn mọ́.

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é ni Leslie Irvin, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Los Angeles ní 1895. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kì í ṣe aṣọ, párásúùtì ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1919, ó bẹ́ jáde láti inú bàálù ní pápá McCook ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn párásúùtì rẹ̀ lójú òfurufú nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé ẹni tó bá ń já bọ̀ bẹ́ẹ̀ á ti dákú kó tó lè fa ohunkóhun. Ó balẹ̀ láàyè. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó rí ọjà tà. Ní 1926 ó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Letchworth, ìlú kan tó wà lápá àríwá sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Èmi ò rò pé ìyẹn yani lẹ́nu. Ẹni tó bá ń bá awakọ̀ òfurufú ta ọjà lójoojúmọ́ á mọ̀ pé òtútù ń pa wọ́n. Lókè níbi ẹsẹ̀ bàtà 20,000, òtútù lè lọ sí 30 tàbí 40 nísàlẹ̀ òdo, bàálù ìgbà náà kò sì rí bí èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Ìkẹjà lónìí. Àwọn ayìnbọn ẹ̀yìn bàálù ló jìyà jù. Nígbà tó yá, aṣọ oníná mànàmáná ni wọ́n ṣe fún wọn, torí awọ nìkan ò tó. Nítorí náà, bí bàbá bá jẹ́ ayìnbọn lóòótọ́, Irvin kọ́ ni aṣọ kan ṣoṣo tó lè ti wọ̀.

Ohun kékeré kan rèé tó ti kó àwọn oníbàárà mi sí wàhálà. Tí ẹ bá rí lébẹ́ẹ̀lì iléeṣẹ́ náà, ẹ lè bá a tí wọ́n kọ ọ́ ní Irving, pẹ̀lú g. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé akọ̀wé kan ló ṣèèṣì fi g yẹn kún un nígbà tí wọ́n ń fi orúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkùnrin kan ti fẹ́ da ojúlówó nù mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí g yẹn. Ó ní ará Ṣáínà ni yóò ṣi orúkọ kọ bẹ́ẹ̀.

Ìdè méjì tó wà lọ́rùn jákẹ́ẹ̀tì inú fọ́tò, èmi mọ ibi tó ti wá. Àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní B-3. Ní 1934 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Òun ló ní ìdè awọ méjì lọ́rùn, awọ ẹṣin sì ni wọ́n fi gbá ojú rírán rẹ̀ kó lè lágbára. Ṣùgbọ́n B-3 ojúlówó, àpò ẹyọ kan ló ní, lápá ọ̀tún. Nígbà tí àwọn oníṣòwò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fara wé e fún aráàlú lẹ́yìn ogun, wọ́n mọ̀ pé aráàlú ò ní ra jákẹ́ẹ̀tì tí kò ní ibi tí yóò ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀. Ohun tí ọmọ yẹn wọ̀ nìyẹn: ọrùn Amẹ́ríkà, àpò ọjà, ìtàn Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin tó ní irú rẹ̀ nílé lè máa wò ó báyìí pé ti yín ò ní àpò. Ẹ má tíì yọ̀. Ẹ yí i sódì kí ẹ wo irun inú rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì la irun náà bí onídìrí ṣe ń la orí kó tó dì í. Lára àgùntàn tòótọ́, ẹ máa rí awọ nísàlẹ̀ níbi tí irun ti hù, torí awọ tó wà níta àti irun tó wà nínú, ara kan náà ni wọ́n. Kò sí láínì láàárín. Bó bá jẹ́ aṣọ híhun lẹ rí nísàlẹ̀ irun, bíi ìdí kápẹ́ẹ̀tì, irun ọ̀rá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdajì àwọn tí wọ́n ń gbé wá fún mi kì í kọjá ibi tí mo ti la irun yìí.

Ti abala awọ ńkọ́? Èyí máa ń da orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ rú. Wọ́n á ní ojúlówó gbọ́dọ̀ mọ́ nídìí, kí ojú rírán rẹ̀ má pọ̀. Nígbà tí awọ pọ̀ kí ogun tó le, bẹ́ẹ̀ ló rí, abala ńlá ńlá ni wọ́n ń gé, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun wọra, tí awọ wọ́n, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ń so ègé kéékèèké pọ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rírán kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ojúlówó kan tí apá rẹ̀ dà bí máàpù. Ọ̀gá mi ní Mushin ìbá ti lù mí ká ní èmi ni mo ran irú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí síìpù, torí òun ló sọ mí lórúkọ. Lára àwọn Irvin ìgbà ogun, orúkọ tí mo máa ń rí lórí irin fífà síìpù ni Dot, tàbí Lightning, tàbí Aero. Irin ni gbogbo wọn. Bí mo bá rí YKK, mo mọ̀ pé lẹ́yìn ogun ni síìpù yẹn dé ibẹ̀. Ní Tókíò ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ YKK sílẹ̀ ní 1934, bọ́ǹbù àwọn ará Amẹ́ríkà sì jó o níná ní 1945. Kò sí bí síìpù Tókíò ṣe máa débi aṣọ RAF nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jàpáànù ń pa ara wọn ní Bọ́má. Àbúrò bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bọ́má yẹn. Òun ò mọ awọ àgùntàn. Òjò àti ẹ̀fọn ló máa ń ròyìn, àti bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù lórí gun òkè.

Síbẹ̀, ẹ má gbé ìdájọ́ lé síìpù nìkan. Síìpù máa ń já. Èmi fúnra mi ti fi YKK sí ojúlówó mẹ́rin tàbí márùn-ún, torí pé ẹni tó ni ín fẹ́ máa wọ̀ ọ́ gun alùpùpù ni, kò fẹ́ fi sínú dígí. Ohun tí ẹ ó wò ni ihò abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ti yọ síìpù kan rí, ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, awọ kì í dijú bí aṣọ. Bó bá jẹ́ pé ìlà ihò kan ṣoṣo ló wà, tí YKK sì wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí jákẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n bí síìpù rẹ̀. Ti àpò náà bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ran àpò mọ́ ojúlówó lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n lílẹ̀ ni yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Kò ní gé awọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kó sì fi láínì ṣe inú rẹ̀ bíi ti inú fọ́tò.

Wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí i. Ní 1998, mo ra jákẹ́ẹ̀tì kan ní pọ́n-ùn 340 lọ́wọ́ ọkùnrin kan lọ́jà. N ò ní sọ ọjà wo. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni, tó wa bàálù ajùbọ́ǹbù Lancaster. Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí ló pé sára rẹ̀: kò sí àpò, bẹ́líìtì wà, síìpù irin wà lápá méjèèjì, irun rẹ̀ hù lára awọ. Ní ẹ̀yìn ọrùn, lébẹ́ẹ̀lì kan wà tó ní adé àti lẹ́tà A.M., èyí tó dúró fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú nígbà náà, pẹ̀lú nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22C. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo san owó ilé oṣù yẹn fún un. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, ìyàwó mi ní ó ń rùn bíi kíwì tí wọ́n fi ń kun bàtà. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ awọ sílẹ̀ fún aláwọ. Òun ló jàre.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, síìpù apá òsì há. Mo mú réésọ̀, mo tú òwú rẹ̀ díẹ̀. Òwú náà ń dán lójú mi. Mo gé e ní ìwọ̀n ìka kan, mo ṣáná sí i. Òwú àtijọ́, bó jẹ́ kọ́tìnnì ni o, bó jẹ́ ọ̀gbọ̀ ni o, á jó bíi bébà, á di eérú, òórùn bébà tó jóná ni ẹ máa gbọ́. Èyí tèmi kò jó. Ó súnkì, ó yọ́, ó di kóró dúdú kan bí orí píìnì, ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́ẹ̀kánná. Pọ́líẹ́sítà ni. Lóòótọ́, nígbà ogun náà ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀, ní 1941, ní agbègbè Manchester, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun ló tó di ohun tí wọ́n ń rà lọ́jà. Kò sí téńlọ̀ tó fi ran aṣọ awakọ̀ òfurufú ní 1940.

Mo tọ aládùúgbò mi kan lọ, tó ń pààrọ̀ owó nígbà náà, mo ní kó yá mi ní tọ́ọ̀ṣì oníná àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ dọ́là wò. Mo pa iná pálọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì náà sí ẹ̀yìn ọrùn. Lébẹ́ẹ̀lì tó ní adé ọba lórí tan yàn-àn, ó funfun pẹ̀lú búlúù, bí eyín ẹni tó ń jó nílé ijó. Òwú gbogbo ojú rírán náà tàn, mo rí ìlà kọ̀ọ̀kan láti èjìká dé ìbàdí bí ìlà ojú títì lóru. Èròjà tí wọ́n ń fi sínú aṣọ àti òwú òde òní kó lè funfun ló ń dáhùn sí iná yẹn. Lẹ́bẹ́ẹ̀lì ogun a máa wà ní òkùnkùn bí ẹni tó ń sùn. Mo fẹ́ fi kún un pé bí ẹnì kan bá ti fi ọṣẹ ìfọṣọ òde òní nu ara ojúlówó, ó lè tàn díẹ̀ níbi tí ọṣẹ kan. Ẹ wá ibi tí ọwọ́ kì í dé kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo tú ọ̀já awọ ẹ̀yìn wò, mo rí i pé sáńpépà ni wọ́n fi họ ìgúnpá àti èjìká kó lè dà bí ohun tó gbó. Kíwì tí ìyàwó mi gbóòórùn rẹ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Mo ta á ní pọ́n-ùn 90 fún ọmọkùnrin kan tó ní alùpùpù. Mo sọ gbogbo ìtàn rẹ̀ fún un. Ó ní òun ò bìkítà, òtútù ni kò gbọ́dọ̀ mú òun.

Ẹ wá gbọ́ bí ojúlówó ṣe ń rí lọ́wọ́. Ní 2007, ìyá àgbàlagbà kan, òyìnbó, gbé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá fún mi nínú ike ìkóṣọ. Abíyá ọ̀tún ti là. Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gún, awọ náà fà ya bí ìwé Bíbélì àtijọ́. Ó ti gbẹ bíi pọ̀nmọ́ tí kò tíì rí omi. Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀, mo gé awọ ewúrẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ibi tó là, mo wá ń fọwọ́ rán an, tí mo ń ki abẹ́rẹ́ bọ ihò àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ni mo lò. Níbi tí mo ti ká ọ̀já awọ sókè, mo rí àwọ̀ tí jákẹ́ẹ̀tì náà ní lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́: pupa rẹ́súrẹ́sú bí obì, nígbà tí ìyókù ti dúdú. Irun ọrùn rẹ̀ ti pọ́n, ó ti dì pọ̀. Ìyá náà rí i pé mo ń wo ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Brylcreem ni, ìpara irun. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ọmọ RAF nìyẹn nígbà ogun, àwọn ọmọ Brylcreem. Àwa tí bàbá wa ní ìgò funfun yẹn lórí tábìlì nílé mọ bí òórùn rẹ̀ ṣe rí, mo sì fi orí kan kọ́là náà mo gbóòórùn rẹ̀, tàbí kí n sọ pé ó ṣe mí bíi pé mo gbọ́ ọ.

Lẹ́bẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò ṣeé kà mọ́. Adé nìkan ló kù, bí òjìji. Wọ́n ti fi yíǹkì kọ orúkọ kan sínú. Ìyá náà ní ẹ̀gbọ́n òun wọ̀ ọ́ gun alùpùpù títí di 1961, ó tún wọ̀ ọ́ lọ pẹja. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe parí nìyẹn. Lẹ́yìn ogun, ìjọba tú ẹrù tó ṣẹ́kù sọ́jà, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń gun alùpùpù ló rà á, wọ́n wọ̀ ọ́ gbó. Ohun tí mo fi ń fura sí jákẹ́ẹ̀tì ọgọ́rin ọdún tó rọ̀, tó ń dán, tí abíyá rẹ̀ sì le gbọnyin nìyẹn.

Nípa lẹ́bẹ́ẹ̀lì, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń ta lẹ́bẹ́ẹ̀lì ayédèrú lọ́tọ̀, ẹ lè rán an mọ́ ohun tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n èyí tó bá kọ XL sára, tàbí tó ya àwòrán báàfù omi àti áyọ́ọ̀nù láti fi hàn bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti tan yín jẹ. Ẹ má tan ara yín.

Ọ̀rọ̀ bàbá wá kù. Bí ọmọ yẹn bá ń ka ìwé yìí, kó mọ̀ pé èmi ò sọ pé irọ́ ni ìtàn ilé wọn. Ní oṣù kẹwàá 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú òfin tí kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú di ọ́físà kúrò, fún ìgbà ogun. Àwọn ọmọ wa lọ. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, di ọ́físà nínú RAF ní 1942, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bankole Vivour, ọmọ Èkó náà, wà lára àwọn tó ń ju bọ́ǹbù, ó sì kú sẹ́nu iṣẹ́ ní 1944. Akin Shenbanjo wà ní ẹgbẹ́ 76, nínú bàálù Halifax tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ "Achtung! The Black Prince" sí nímú nítorí tirẹ̀. Bí bàbá ọmọ yẹn náà bá wà lára wọn, kò yà mí lẹ́nu.

Jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ohun ìjọba ni, kì í ṣe ti ẹni tó wọ̀ ọ́. Ohun tí mo rò ni pé bàbá dá tirẹ̀ padà, tàbí kó má tilẹ̀ ní in rí, pé nígbà tó yá, bóyá láàárín àwọn ọdún 1970 tí irú èyí tó wà nínú fọ́tò gbòde, ó rí i nínú ṣọ́ọ̀bù, ó rà á. Ta ni kò ní ra ohun tó jọ ti ìgbà èwe rẹ̀? Àwọn ọmọ rẹ̀ rí i lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ti gbọ́ pé ó ja ogun, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ níbẹ̀.

Ìwé ló lè jẹ́rìí fún bàbá. Gbogbo ẹni tó ń fò nínú RAF ló ní ìwé tó ń kọ ìrìn kọ̀ọ̀kan sí: ọjọ́, irú bàálù, ibi tí wọ́n lọ, wákàtí tí wọ́n lò lókè. Àwọn ayìnbọn náà ní in. Ilé àkójọ ìwé ìjọba tún wà ní Kew, níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ RAF wà níbẹ̀ lábẹ́ AIR 27, ẹ sì lè bá orúkọ àwọn tó wà nínú bàálù pàdé nínú rẹ̀. Láti 2022 ni iléeṣẹ́ ológun sì ti ń kó fáìlì àwọn tó sìn wọn wá sí Kew. Kí ọmọ náà wá orúkọ bàbá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà, torí òyìnbó ò mọ orúkọ wa kọ, kó wá ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wí fún un kó dá títà náà dúró ná, kó sì tú ìsàlẹ̀ àpótí bàbá wò kó tó tún wo ara jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Bó bá fẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kó ya fọ́tò inú ọrùn, irin fífà síìpù, àti ibi tó ti la irun, kó fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀yin ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. N ò ní gba kọ́bọ̀. Bó bá sì ń bọ̀ ní Peckham, kó gbé e dání. Mo rí i nínú fọ́tò pé eyín mẹ́ta ti yọ nísàlẹ̀ síìpù yẹn, apá òsì. Màá bá a fi irin sí i.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Síìpù,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.